Ṣé Ògbufọ̀ Orin Ìjìnlẹ̀ Yẹ Lẹ́ni À Ń Bọ̀wọ̀ Fún Bí Olórin? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ tẹ́nọ̀, ohùn òkè àwọn ọkùnrin, nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í tán lẹ́nu wa lẹ́yìn ìdánrawò. Ẹnì kan á dárúkọ olórin kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ẹlòmíì á yínmú, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ́kàn mi gan-an ni mo ṣe dáhùn.

Kí lẹ ń pè ní orin ìjìnlẹ̀?

Orin tó gba kí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ jókòó tì í dáadáa, tó sì gba kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ náà fara balẹ̀. Irú èyí tí Bach, Handel, Beethoven àti Mahler kọ. Ilẹ̀ wa náà ní tirẹ̀: ẹni tó bá ti dúró ní ààfin rí, tí ọmọ Àyàn ń fi ìyá ìlù ki ọba láti orí àwọn baba ńlá rẹ̀ wá, mọ̀ pé ìjìnlẹ̀ kò pin sínú ìwé orin. Ṣùgbọ́n orin òyìnbó ni mo máa sọ̀rọ̀ lé jù, torí ibẹ̀ ni ìjà yìí ti le jù lọ.

Ta wá ni ògbufọ̀ orin?

Ẹ rántí ìsìn tí oníwàásù ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń fi Yorùbá gbé e fún ìjọ. Bí ògbufọ̀ náà bá mọṣẹ́, ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á ṣe "Àmín" níbi tó yẹ gan-an. Bí kò bá mọṣẹ́, oníwàásù á máa sọ ti òkè, ìjọ á máa gbọ́ ti ilẹ̀. Mo ti rí ògbufọ̀ tó jẹ́ pé òun gan-an ni ẹ̀mí ìwàásù náà bà lé, tí ọ̀rọ̀ fi wọ àwọn èèyàn lára ju bí ó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló wà nínú orin pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ olùdarí ọ̀kẹ́sírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń lo oríṣiríṣi ohun èlò orin, ó lè jẹ́ akọrin, ó lè jẹ́ ẹni tó ń ṣàlàyé lórí tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gbé orin ìjìnlẹ̀ lọ bá ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kò sì sẹ́ni tó lè gbufọ̀ èdè tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ orin náà dénú egungun, kó sì tún mọ ẹni tó ń gbé e lọ bá. Iṣẹ́ méjì nìyẹn lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí tí mo fi ń sọ pé olórin ni wọ́n nìyẹn, bí wọ́n bá ṣe é re.

Kí ló dé tí àwọn lámèyítọ́ fi ń fojú tín-ín-rín wọn?

Ohun kan ni pé ẹni tó fi ogún ọdún kọ́ ohun tó ṣòro kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó rọrùn. Ìyẹn yé mi. Ohun kejì ni pé wọ́n máa ń wo èrò dípò kí wọ́n gbọ́ orin. Bí gbọ̀ngàn bá kún, wọ́n á ní nǹkan ti bàjẹ́. Harold Schonberg, tó jẹ́ àgbà lámèyítọ́ orin ní New York Times, fi ọ̀pọ̀ ọdún bu ẹnu àtẹ́ lu Leonard Bernstein, olùdarí ọ̀kẹ́sírà ará Amẹ́ríkà, títí kan bó ṣe ń fò sókè lórí pèpéle. Mo ti wo fídíò Bernstein tó ń fò. Mo tún pa ojú dé, mo gbọ́ ọ̀kẹ́sírà rẹ̀ nìkan. Orin náà dúró.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí wọ́n jàre. Mo máa dé ibẹ̀.

Ta lẹ lè tọ́ka sí tí kò sẹ́ni tó lè jiyàn lé e lórí?

Henry Wood, olùdarí ọ̀kẹ́sírà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó gun pèpéle Queen's Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1895, láti bẹ̀rẹ̀ àwọn eré orin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Proms lónìí. Robert Newman tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà ló pè é. Èrò Newman ni pé kí wọ́n máa ṣe eré lálaalẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi orin tó rọlẹ̀ fa àwọn èèyàn wọlé, kí wọ́n wá máa mú un le díẹ̀díẹ̀ títí etí wọn á fi gbó. Dókítà onítọ́jú ọ̀nà ọ̀fun kan, George Cathcart, ló fowó sílẹ̀. Ohun tó bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n rẹ kíì wálẹ̀, ìyẹn gíga ohùn tí wọ́n ń yí àwọn ohun èlò sí, torí pé èyí tí wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba nígbà náà ga débi pé ó ń ba ọ̀fun àwọn akọrin jẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ tẹ́nọ̀ lábẹ́ ẹni tó máa ń gbé kíì sókè jù á mọ̀ pé oore ńlá ni ọkùnrin yẹn ṣe.

Ṣílè kan lẹni tó bá fẹ́ dúró nílẹ̀ ń san. Wọ́n lè jẹun, wọ́n lè mu sìgá. Àwọn tó ka ara wọn sí ọlọ́lá kò jẹ́ pe ìyẹn ní ibi orin.

Ẹ wá wo ohun tí Wood ń gbé fún àwọn oníṣílè kan yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1912, ó darí orin márùn-ún tí Arnold Schoenberg (aṣẹ̀dá orin ni, kì í ṣe Schonberg lámèyítọ́ òkè yẹn) kọ fún ọ̀kẹ́sírà, ìgbà àkọ́kọ́ tí etí ọmọ aráyé máa gbọ́ wọn. Kì í ṣe Vienna tí Schoenberg ti wá, kì í sì í ṣe Berlin. Láàárín àwọn tó dúró lórí ẹsẹ̀ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà ìdánrawò, Wood ti sọ fáwọn olórin rẹ̀ pé kí wọ́n tẹra mọ́ ọn, pé kékeré nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n máa bá pàdé ní ọdún 25 sí i. Ẹni tó ń wá àtẹ́wọ́ nìkan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1913, ó gba àwọn obìnrin sínú ọ̀kẹ́sírà rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́sírà ńláńlá ṣì wà ní títì mọ́ wọn. Lọ́dún 1918, ọ̀kẹ́sírà ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ní kó wá ṣe olùdarí àwọn. Ó kọ̀, ó padà sídìí àwọn èèyàn rẹ̀. Bọ́ǹbù Jámánì wó Queen's Hall ní 1941, wọ́n kó eré náà lọ sí Royal Albert Hall, Wood ṣì ń darí rẹ̀ títí di ọdún 1944 tó kú.

Ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá kiri?

Newman tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, gbèsè gbé e mì, okòwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní 1902, kó tó di pé olówó mìíràn, Edgar Speyer, gba ẹrù náà. Àwọn mìíràn rí owó, ó sì pọ̀. Handel náà ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò rí ohun tó burú nínú kí olórin jẹun.

Ẹni tó ń ṣàlàyé orin, olùkọ́ nìyẹn. Ẹ̀wo ni ti olórin níbẹ̀?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1954, Bernstein jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà láti sọ̀rọ̀ lórí Sínfónì Karùn-ún ti Beethoven; orin gígùn tí wọ́n kọ fún ọ̀kẹ́sírà ni sínfónì. Wọ́n ti kun ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé orin náà sórí ilẹ̀ sítúdíò, ó tóbi débi pé èèyàn lè rìn lórí rẹ̀. Àwọn olórin dúró, oníkálukú lórí ìlà ohun èlò tirẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan: fèrè, kúrò; kàkàkí, kúrò; onílù, kúrò. Àwọn tó kù nílẹ̀ ni àwọn olókùn àti kílárínẹ́ẹ̀tì. Àwọn yẹn nìkan ni Beethoven fi bẹ̀rẹ̀ orin tó ń dún bí ààrá yìí. Ẹni tí kò lè ka nóòtù kan rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé ọlọ́gbọ́n ń yan, ọlọ́gbọ́n ń kọ̀.

Kò dúró níbẹ̀. Beethoven fi àwọn ìwé sílẹ̀ tí ó ti ń gbìyànjú orin náà, tó kọ, tó fagi lé, tó tún kọ. Bernstein mú àwọn ìlà tí Beethoven ti jù nù, ó fún ọ̀kẹ́sírà, ó fi wọ́n sí àyè tí wọn ì bá wà, ó ní kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ. Wọn kò burú! Wọ́n kàn kéré sí èyí tó wà níbẹ̀ lónìí ni. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn? Olùkọ́ lásán kò lè ṣe é. Ó gba ẹni tó ní etí aṣẹ̀dá orin kó tó mọ ibi tí ìlà àtijọ́ náà máa bọ́ sí.

Láti oṣù kìíní ọdún 1958 dé 1972, ó ṣe eré 53 fún àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú ọ̀kẹ́sírà New York Philharmonic, tẹlifíṣọ̀n CBS ń gbé e. Ohun tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, kí ni ìtumọ̀ orin? Ó mú orin Richard Strauss kan, ó fi ìtàn Superman tó lọ tú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n bò ó, àwọn ọmọ gbà á gbọ́ pátápátá. Ó wá sọ fún wọn pé irọ́ ni, Don Quixote, akọni inú ìtàn Spéìn kan, ni Strauss ní lọ́kàn. Ìtàn yí, nóòtù kan kò yí. Ìtumọ̀ orin wà nínú orin. Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ti fi ìwé ńláńlá jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ọkùnrin yìí sì gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́jọ láìtàn án jẹ. Ní 1960, ó fi odindi ọjọ́ kan nínú àwọn eré ọmọdé yìí sọ̀rọ̀ lórí Mahler, nígbà tí ọ̀pọ̀ àgbà kò tíì fẹ́ gbọ́ Mahler.

Bí wọ́n bá gé orin kúrú ńkọ́? Ṣé wọn ò ti bà á jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1829, ní Berlin. Bach ti kú láti 1750. Iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí ìjìyà Jésù gẹ́gẹ́ bí Mátíù ṣe kọ ọ́ ti di ohun tí àwọn díẹ̀ kàn mọ̀ nínú ìwé. Felix Mendelssohn, ọmọ ogún ọdún, kó akọrin jọ, ó gbé e jáde. Ó gé ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin àdákọ kúrò, ó sì fi kílárínẹ́ẹ̀tì rọ́pò àwọn fèrè àtijọ́ tí wọn kì í lò mọ́. Ohun tí wọ́n máa pe ẹlòmíì ní abàlújẹ́ fún lónìí ló ṣe. Ibẹ̀ sì ni Bach ti jí dìde láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹnì kankan kì í bi mí bóyá Mendelssohn yẹ fún ọ̀wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Liszt, ògbóǹtarìgì atẹ-dùùrù, tó tún sínfónì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti Beethoven tò fún ọwọ́ méjì lórí dùùrù kí ìlú tí kò ní ọ̀kẹ́sírà lè gbọ́ wọn. Ikú ti bò wọ́n láṣìírí, àwọn alààyè la ń ṣe lámèyítọ́ fún.

Leopold Stokowski, olùdarí ọ̀kẹ́sírà, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kókó. Nínú fíìmù àwòrán tí Walt Disney gbé jáde ní 1940, ó gé iṣẹ́ Stravinsky, aṣẹ̀dá orin tó ṣì wà láàyè nígbà náà, kan, ó yí ibi kan síwájú, ó yí ibi kan sẹ́yìn, ó fi bá àwòrán àwọn ẹranko ayé àtijọ́ mu. Inú Stravinsky kò dùn, èmi náà kò sì rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí pé bí orin yẹn ṣe tò ni agbára rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ló kó akọrin àti olórin tó lé ní ẹgbẹ̀rún jọ ní Philadelphia ní 1916, tí Sínfónì Kẹjọ ti Mahler fi dé Amẹ́ríkà. A kò lè fi ẹ̀ṣẹ̀ kan sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ nǹkan.

Arthur Fiedler ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn mí. Ọmọ olórin ni, baba rẹ̀ ta fayolíìnì nínú ọ̀kẹ́sírà Boston kan náà tí mo sọ lókè, òun fúnra rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin, ó sì wọ ọ̀kẹ́sírà náà ní 1915. Ní 1929 ó bẹ̀rẹ̀ eré ọ̀fẹ́ ní gbangba létí odò Charles. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi í ṣe olùdarí Boston Pops, ẹ̀ka ọ̀kẹ́sírà Boston tó ń ta orin tó rọlẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1979. Bó ṣe ń to eré rẹ̀ ni pé orin tó rọlẹ̀ á ṣáájú, iṣẹ́ tó le á wà láàárín, èyí tí gbogbo ayé ń súfèé ní títì á kẹ́yìn. Bí ẹni tó ń gbé oògùn sáàárín ẹ̀kọ àti àkàrà.

Àwọn olórin Pops yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló jẹ́ ara ọ̀kẹ́sírà ńlá gan-an. Ọwọ́ kan náà, fayolíìnì kan náà. Bí wọ́n bá ta á lábẹ́ ẹlòmíì, ó di iṣẹ́ ọnà. Bí wọ́n bá ta á lábẹ́ Fiedler, ó di fàájì. Wọ́n lò ó fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, wọn kò fi ọ̀kẹ́sírà ńlá náà lé e lọ́wọ́ rí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1976 tí Amẹ́ríkà pé igba ọdún, nǹkan bí 400,000 èèyàn ló jókòó létí odò yẹn láti gbọ́ ọ. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ṣe pẹ̀lú ọ̀kẹ́sírà kékeré ti ara rẹ̀, lórí orin Handel, wà síbẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe mọ́ tónítóní.

Àwọn tẹ́nọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọrin ní Róòmù ńkọ́? Maikirofóònù ni wọ́n lò.

Ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1990, ọ̀la rẹ̀ ni àṣekágbá Ife Àgbáyé. Ìdíje bọ́ọ̀lù yẹn ni Cameroon ti dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn, gbogbo Áfíríkà sì ń wò. Carreras, Domingo àti Pavarotti dúró nínú àwókù ilé ìwẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Caracalla, Zubin Mehta darí ọ̀kẹ́sírà méjì papọ̀. Àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó mú Carreras ní 1987 kò pa á, ayẹyẹ pé ó padà bọ̀ wà nínú rẹ̀, apá kan owó náà sì lọ sọ́dọ̀ àjọ tó dá sílẹ̀ fún àwọn tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú mọ́tò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin Puccini, aṣẹ̀dá opera ará Ítálì, láyé mi, láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wíńdò sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe kásẹ́ẹ̀tì yẹn, mi ò bá má kọ tẹ́nọ̀ lónìí.

Ní ti maikirofóònù, ìta gbangba ni wọ́n wà. Pavarotti kò gba orúkọ nídìí maikirofóònù: ní 1972, ní ilé opera Metropolitan ní New York, kò sí ohun tó gbé ohùn rẹ̀ sókè nígbà tó lu nóòtù C òkè mẹ́sàn-án nínú orin kan ṣoṣo. Ohun tí mo ní lòdì sí wọn ni àwọn àtúnṣe tó tẹ̀ lé e. Ti Róòmù jẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí inú wọn ń dùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń di ọjà tí wọ́n ń pa tẹ́ láti pápá ìṣeré kan dé òmíràn, orin kan náà, ẹ̀rín kan náà.

André Rieu ńkọ́?

Ata-fayolíìnì ará Netherlands ni. Ó dá ọ̀kẹ́sírà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1987, àwọn olórin rẹ̀ mọṣẹ́, mo sì mọ àwọn àgbàlagbà tí orin rẹ̀ ń tù nínú. Ọ̀wọ̀ ẹni tó ń dá èèyàn lára yá tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn èrò yẹn jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò mú wọn wọ inú ilé. Henry Wood á ti mú wọn wọlé.

Ṣé a ní irú wọn láàárín wa?

A ní wọn, a kò sì sọ̀rọ̀ wọn tó.

Thomas King Ekundayo Phillips ló wà nídìí dùùrù àti akọrin ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina, Èkó, láti 1914 dé 1962. Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n ń kọ sórí ohùn orin òyìnbó nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn náà sì ń yí ìtumọ̀ po. Ibi tó yẹ kí ohùn ti sọ̀, bó bá gòkè, ọkọ̀ á di ọkọ́, ìjọ á sì máa kọ ohun tí kò yé wọn. Phillips kọ àwọn orin tí ohùn wọn tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ẹ rí i pé ìgbufọ̀ tirẹ̀ gba ọ̀nà méjì: ó gbé Bach àti Handel fún ọmọ Èkó, ó sì gbé èdè wa wọ inú ìlànà wọn láìfọ́ ọ.

Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọ́rin ní kékeré. Ní 1934 Sowande lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Orin gbà á. Ó ń ta jáàsì nílé fàájì lálẹ́, ó ń tẹ ọ́gàànù nílé sinimá, ní 1936 ó jókòó sídìí dùùrù gẹ́gẹ́ bí àdáṣe fún iṣẹ́ kan tí Gershwin, aṣẹ̀dá orin ará Amẹ́ríkà, kọ. Ní 1943 ó gba oyè FRCO, èyí tó ga jù lọ fún àwọn atẹ-ọ́gàànù Ìlú Ọba. Ẹnì kan náà nìyẹn o! Ní 1944 ó kọ iṣẹ́ kan fún àwọn olókùn, ó pè é ní African Suite, apá tó gbẹ̀yìn rẹ̀, Akinla, sì ti inú orin háíláìfù wá. Ètò orí rédíò kan ní Kánádà fi Akinla ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí kò mọ ibi tí Nàìjíríà wà ń fi fèrè ẹnu fọn ún. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, òun ni wọ́n ní kó kọ sínfónì fún un.

Ẹ bá mi wá èyí tó jẹ́ olórin gidi àti èyí tó jẹ́ alágbàtà nínú Sowande. Mo ti wá a, mi ò rí ààlà.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ibo ni kí n gbà wọlé?

Akinla ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kò gùn, ẹsẹ̀ yín á sì mọ̀ ọ́n kí etí yín tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá wà ní Èkó, ẹ wò ó bóyá ohun kan wà ní gbọ̀ngàn MUSON ní Oníkan. Bó bá di oṣù Kejìlá, ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń kọ Handel, ẹ jókòó síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àlàyé Bernstein ti 1954 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó tán, kí ẹ wá gbọ́ Sínfónì Karùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdáwọ́ dúró. Nóòtù mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ariwo àwọn olókùn gba gbogbo ọkàn yín. Ẹ tẹ́tí sí abẹ́ wọn dáadáa, kílárínẹ́ẹ̀tì méjì wà níbẹ̀.